Ibi tó bófin mu láti yìnbọn sí àmì ní gbangba, àti ọ̀rọ̀ gbígbé ìbọn afẹ́fẹ́ lọ sílé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò wa tó ń gbé ní agbègbè Atlanta béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀. Níbo ni òun ti lè máa yìnbọn sí àmì ní gbangba láìrú òfin? Ṣé òun lè gbé ìbọn afẹ́fẹ́ kan dání bí òun bá ń lọ sílé ní oṣù Kejìlá, kí òun àti àwọn ọmọ máa fi ṣeré lóko? Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ṣé òun lè lo ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá òun fi sílẹ̀ nínú yàrá kí wọ́n tó kú? Ti àkọ́kọ́ ṣeé ṣe dáadáa. Ti èkejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ti ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni kó tó di ọ̀rọ̀ eré.

Kí ẹ tó máa wá ilẹ̀ kiri, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé yín, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ fún ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà tí kì í ṣe ti ìgbé-títí láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́: akẹ́kọ̀ọ́ F-1, òṣìṣẹ́ H-1B, àlejò B-2, gbogbo wọn ló kàn. Kì í sì í ṣe rírà nìkan ni òfin ń pè ní níní lọ́wọ́. Ìbọn tí ẹ yá fún wákàtí kan ní pápá, tí ẹ gbé sọ́wọ́, ẹ ti ní in lọ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀nà kan tí òfin náà ṣí sílẹ̀ ni láísẹ́ǹsì ọdẹ. Bí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà bá ti fún yín ní láísẹ́ǹsì ọdẹ, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, èèwọ̀ yẹn kò mú yín mọ́. Ẹ rà á ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa lọ, kí ẹ sì mú un dání. Àmọ́ kò ran ẹni tí àkókò tí wọ́n fún un ti kọjá tàbí ẹni tí kò ní ìwé rárá lọ́wọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má fọwọ́ kan ìbọn títí ìwé rẹ̀ á fi dára.

Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, bí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́rùn rẹ̀. Fọ́ọ̀mù 4473 ni wọ́n máa fún un ní ilé ìtajà láti kọ. Fọ́ọ̀mù náà béèrè orílẹ̀-èdè tí ẹ ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀: Nàìjíríà ni kí ẹ mú, bó bá jẹ́ òun ni. Ẹni tó bá mú Amẹ́ríkà nígbà tí kò tíì búra láti di ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, yálà nítorí ìkánjú ni tàbí nítorí pé ẹni tó ń tajà ní “kò burú”, ti parọ́ ọmọ ilẹ̀, irọ́ yẹn sì lè dènà ìwé rẹ̀ títí ayé. Ó tún béèrè nípa igbó mímu. Kódà bí ìpínlẹ̀ yín bá fàyè gbà á, òfin ìjọba àpapọ̀ kò tẹ̀ lé ìpínlẹ̀ nínú ìyẹn. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn tó báyìí ni pé ẹ̀bi ìbọn kan ṣoṣo nílé ẹjọ́ tó láti fi lé ẹni tó ní green card padà sílé, bó tilẹ̀ ti gbé níbẹ̀ fún ogún ọdún.

Ó wá kan ilẹ̀. Ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé ta ló ni ín. Àwọn fídíò tí ẹ ń wò, tí wọ́n wakọ̀ wọ aṣálẹ̀ tí wọ́n sì ń yìnbọn, ilẹ̀ Bureau of Land Management, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní BLM, ló pọ̀ jù nínú wọn. Ilẹ̀ yìí tó nǹkan bí mílíọ̀nù 245 éékà, àmọ́ ìwọ̀ oòrùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán: Nevada, Utah, Arizona, Wyoming àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ẹ lè yìnbọn sí àmì níbi tí wọn kò bá tì, bí kò bá ṣe ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ti kọ́ nǹkan sí, tí ẹ sì kó gbogbo pàǹtírí yín. Ẹni tó ń gbé ní Atlanta, Houston tàbí Maryland kò ní irú rẹ̀ nítòsí, kó má ṣe rò pé igbó tí kò ní ọgbà yí i ká jẹ́ ti gbogbo ayé. Ní Texas, ju 9 nínú 10 ilẹ̀ ló ní olúwa rẹ̀.

National Forest, igbó ìjọba àpapọ̀, wà ní ìlà oòrùn náà. Ní Georgia, Chattahoochee-Oconee ni. Òfin tó kan gbogbo wọn ni pé ẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn láàárín 150 yáàdì sí ilé, àgọ́, ibi ìgbafẹ́ tàbí ibikíbi tí èèyàn wà, ẹ kò sì gbọdọ̀ yìn ín la ojú ọ̀nà igbó náà tàbí omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá. Yàtọ̀ sí èyí, igbó kọ̀ọ̀kan lè fi òfin tirẹ̀ kún un, tàbí kí ó ní inú pápá tí wọ́n ti là sílẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti yìn. Ẹ pe ọ́fíìsì igbó náà gan-an, kì í ṣe olú iṣẹ́ wọn. Ní National Park, ẹ má wulẹ̀ béèrè, wọn kì í gbà á.

Ní tèmi o, pápá ìyìnbọn tí ẹ̀ka ẹranko igbó ìpínlẹ̀ ń tọ́jú ló dára jù fún ẹni tó ń gbé ní ìlà oòrùn, àwọn èèyàn wa kì í sì í mọ̀ pé ó wà. Owó rẹ̀ kéré, òkìtì ilẹ̀ tó ń gba ọta wà níbẹ̀, kò sì sí àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ilẹ̀. Òfin Pittman-Robertson ti ọdún 1937 ló ń darí owó orí lórí ìbọn àti ọta tí wọ́n ń tà, 11 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìbọn gígùn àti ọta, 10 lórí ìbọn ìléwọ́, wọ́n sì ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ara owó yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn pápá wọ̀nyí. Ẹni tó bá ti ra ọta ti dá sí i. Ní Georgia, Wildlife Resources Division ló ń bójú tó wọn. Ọ̀kan wà ní Clybel, nítòsí Mansfield, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Atlanta. Láísẹ́ǹsì ọdẹ tàbí ìwé ìwọlẹ̀ tiwọn ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ rí i pé láísẹ́ǹsì ọdẹ yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì fún ẹni tó ní físà. Ní Maryland, pápá wà ní Myrtle Grove àti ní igbó Elk Neck. Ní Pennsylvania, ó wà lórí àwọn State Game Lands, láísẹ́ǹsì ọdẹ tàbí ìwé àṣẹ pápá ni wọ́n sì ń wò.

Láti wá èyí tó sún mọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ sí WhereToShoot.org, kí ẹ fi ìpínlẹ̀ yín wá a. Ẹ fi ohun tí ẹ rí wé ojúewé ẹ̀ka ẹranko igbó ìpínlẹ̀, torí pápá máa ń tì fún àtúnṣe tàbí fún àsìkò ọdẹ láìsí pé ojúewé àkọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń ṣí, ìwé tí wọ́n ń gbà, irú ìbọn àti ọta tí wọn kò gbà, bóyá ẹ máa mú àmì bébà tiyín wá, àti bóyá alábòójútó máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì gbá ìbọn mú rí, ibi tí alábòójútó wà ni kí ẹ lọ. Fún ilẹ̀ tí kò sí nínú pápá, ohun èlò onX Hunt lórí fóònù máa fi ààlà àti orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ hàn yín. Bí ọ̀rẹ́ kan bá ní oko, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà, kí ẹ sì bi káúǹtì bóyá wọ́n fàyè gba ìbọn yíyìn lórí ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Éékà méjì láàárín ilé àwọn èèyàn kì í ṣe oko.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn àmì kí ẹ tó wo àmì fúnra rẹ̀. Ọta .22 tí gbogbo èèyàn ń fojú kéré lè rìn tó máìlì kan àti ààbọ̀ bí kò bá sí ohun tó dá a dúró, ti ráífù ńlá lè tó máìlì mẹ́ta. Òkìtì ilẹ̀ gidi tó ga ju àmì lọ dáadáa ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi, koríko, orí òkè tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí èyí tó lè dá ọta dúró. Àpáta àti omi máa ń ta á padà. Ẹ má yìn ín sí ìgò, fìríìjì tí wọ́n jù nù tàbí igi tó dúró: pàǹtírí irú èyí gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀ ìjọba mọ́ àwọn èèyàn. Bí irin ni ẹ fẹ́ fi ṣe àmì, kó jẹ́ AR500, irin líle tí wọ́n ń lò fún àmì, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí èérún ọta lè bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì jìnnà sí i tó yáàdì 10 ó kéré tán fún ìbọn ìléwọ́, 100 fún ráífù.

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà ni ọta olówó pọ́ọ́kú tó ní irin nínú. Ó ń bẹ́ iná lára àpáta, ó sì ń ba àmì irin jẹ́. Òòfà ni àwọn alábòójútó fi ń dán an wò, ẹ̀yin náà ẹ fi òòfà dán an wò nílé kí ẹ tó gbéra. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ka ìbọn yíyìn léèwọ̀ nítorí iná, kí ẹ sì gbé ṣọ́bìrì àti kẹ́ẹ̀gì omi kan dání.

Ohùn ìbọn ju 140 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì lọ, etí tí ó bá bàjẹ́ kì í padà. Ẹ fi ìdití sínú ihò etí, kí ẹ tún fi èyí tó bo etí lé e, àwọn ọmọ pàápàá. Ẹ wọ jígí. Òjé wà nínú ọta: ẹ má jẹun lórí pápá, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ jòjòló. Nínú ọkọ̀, ìbọn kò gbọdọ̀ ní ọta nínú, kó wà nínú àpótí tí ẹ tì nínú búùtù, kí ọta wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá máa kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ ka òfin ibẹ̀ kí ẹ tó jáde. Illinois, bí àpẹẹrẹ, ní káàdì tirẹ̀ tí olùgbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kó tó fọwọ́ kan ọta pàápàá.

Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba, ti yín yàtọ̀. Ibi ìta tó rọrùn jù ni pápá tí wọ́n ti ń yìn àwo amọ̀ tó ń fò, tí ọlọ́pàá ti fọwọ́ sí: òfin gba ẹni tí kò ní ìwé láyè láti lo shotgun níbẹ̀ ní àkókò tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní Scotland, láti ìparí ọdún 2016, ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá nílò ìwé.

Ó ku ti ilé. Nínú òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959, ìbọn pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n kà léèwọ̀, tí ìbọn ìléwọ́ wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ìbọn tí aráàlú lè gba láísẹ́ǹsì fún. Ẹ̀kẹta ni ìbọn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ki ẹ̀tù láti ẹnu. Ibi tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu nìyí: ìbọn afẹ́fẹ́ wà nínú ọ̀nà kejì. Kì í ṣe ohun ìṣeré lójú òfin ilé, láísẹ́ǹsì ni, wọn kò sì ń fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́ tún wà lórí àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn Aṣọ́bodè kò jẹ́ kó wọlé rárá. Pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú gbà á ní Atlanta kò ní kí wọ́n gbà á ní Ìkẹjà. Ìjìyà níní ìbọn láìní ìwé, nínú òfin ìdigunjalè àti ìbọn, ni owó ìtanràn 20,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Bó bá jẹ́ eré àwọn ọmọ ni, kànnàkànnà àti ọfà kò sí nínú òfin yẹn, torí ohun tó ní ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde ló pè ní ìbọn. Agolo mílíìkì mẹ́fà lórí kùkùté igi, òkìtì ilẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó ti tó.

Ìbọn bàbá yín: orúkọ wọn ló wà lórí láísẹ́ǹsì, kì í ṣe orúkọ yín. Gbígbé e lọ sóko láti yìn ín nígbà kan péré ti di níní lọ́wọ́ láìní ìwé, ẹ sì lè pàdé ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ẹ má gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ wá ìwé láísẹ́ǹsì náà nínú àpótí wọn, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ìbọn wé ti inú ìwé. Ẹ̀yin tí ti bàbá yín kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì, ẹ tún wo irú rẹ̀: shotgun tó ń fúnra rẹ̀ ki ọta, tàbí èyí tí wọ́n ń fà sẹ́yìn fà síwájú kí ọta lè wọlé, kò sí nínú àwọn tí òfin 1959 kà mọ́ ìbọn aráàlú, ìyẹn sì ń fẹ́ agbẹjọ́rò kíákíá. Kí àgbà ilé tàbí agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà sí DPO tó sún mọ́ ilé, kó fi ẹ̀dà ìwé ikú àti ti láísẹ́ǹsì sí i, kó jẹ́ kí ọlọ́pàá sọ bí ìbọn náà ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ gba ìwé tó ní nọ́ńbà ìbọn náà, ọjọ́, orúkọ àti òǹtẹ̀ ẹni tó gbà á. Bí ẹnì kan nínú ẹbí tó ń gbé nílé bá fẹ́ kó di tirẹ̀, ìwé yẹn ló máa mú dání lọ tọrọ láísẹ́ǹsì lórúkọ ara rẹ̀.