Ṣé ọmọ onílẹ̀ Kánádà (ẹ̀yà tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé) tó ti dàgbà lè padà lọ parí girama?

Ó lè parí ẹ̀, kò sì ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Manitoba, kírẹ́díìtì 30 ni ọmọ ilé ìwé ń kó jọ kó tó parí girama (kì í ṣe kírẹ́díìtì WAEC tiwa o, ohun tí wọ́n ń fúnni fún iṣẹ́ tí èèyàn bá kọ́ yege ni), ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pé ọdún 19, tó sì ti fi ilé ìwé sílẹ̀, 8 péré ló nílò. Mẹ́rin nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti kíláàsì 12, ìyẹn ọdún tó kẹ́yìn ní girama. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Cree àti Ojibwe, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀, kì í ṣe ìṣirò ló le jù. Ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì já wọn gbà lọ́wọ́ òbí ní kékeré, wọ́n kó wọn sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń nà wọ́n torí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn. Ẹ̀rù kíláàsì ṣì ń bà wọ́n. Torí náà, ibùdó ẹ̀kọ́ àgbàlagbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ń darí ni kí ẹni tó fẹ́ padà kọ́kọ́ wá kiri.