Ọmọ mi ń ṣe quarterback, wọ́n ní apá rẹ̀ kò lágbára

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 13, Houston là ń gbé. Òun ni quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó bá sì di ìgbà ìrúwé, á tún lọ máa ṣe pitcher, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń fi igi gbá a, nínú baseball. Kóòṣì rẹ̀ ní ọpọlọ rẹ̀ pé gan-an, àmọ́ apá rẹ̀ kò lágbára, pé ọmọ tí wọ́n jọ ń du ipò yẹn ń ju bọ́ọ̀lù jìnnà jù ú lọ dáadáa. Ẹnì kan wá ní ká máa sanwó fún òun lóṣooṣù, òun á máa fi àwọn bọ́ọ̀lù tó wúwo kọ́ ọ títí apá rẹ̀ á fi le. Bàbá rẹ̀ ní ká san án. Èmi ò mọ nǹkan kan nínú eré yìí, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá là ń wò nílé wa kí n tó débí. Ṣé apá yìí ṣe pàtàkì tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yìí? (Ìyá Quarterback)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ẹ jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà lápò ná. Èjìká àti ìgúnpá àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ mi, ojú tí mo sì fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti kóòṣì. Eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló wà lọ́kàn tiẹ̀, èmi ń ro bí apá yẹn ṣe máa rí lọ́dún márùn-ún sí i.

Kí n má purọ́ fún yín, apá ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń pariwo pé ọpọlọ nìkan ló ń ṣe quarterback, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ wo pápá náà: ó fẹ̀ tó yáàdì 53 àti ẹsẹ̀ bàtà kan. Nínú òfin ilé ẹ̀kọ́ girama, àmì méjì ló pín fífẹ̀ yẹn sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba, àárín àwọn àmì yìí ni eré sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní orí àmì ọwọ́ òsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tí receiver, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí quarterback jù, sáré yáàdì mẹ́wàá síwájú, tó wá yà sí etí pápá lọ́wọ́ ọ̀tún. Yáàdì mẹ́wàá ni wọ́n máa kà fún ẹgbẹ́, àmọ́ bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ á rin ohun tó lé ní yáàdì 35 lókè kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Tí kò bá lágbára, á máa fò lọ́lẹ̀lọ́lẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kejì á ti rí i látọ̀nà jíjìn, á já a gbà, á sì sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní bá a. Àwọn tó ń wá eléré fún yunifásítì máa ń dúró wo irú jíjù yẹn gan-an, torí kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè fi bo apá tí kò gbé e débẹ̀.

Àmọ́ ọmọ ọdún 17 ni wọ́n ń wò. Lọ́dún 13, kóòṣì tó mọṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní kí wọ́n ju irú bọ́ọ̀lù yẹn. Ohun tí wọ́n ń jù kúrú, ibẹ̀ ni ìṣirò sì ti yí padà.

Ká ní ọmọ yín ń ju bọ́ọ̀lù ní máìlì 40 láàárín wákàtí kan, kí ọmọ kejì máa jù ú ní 50. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn o láàárín ọmọ ọdún 13 méjì. Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù yáàdì 20, ti ọmọ yín á gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé, ti ẹnì kejì á gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Gbogbo èrè tí apá líle yẹn mú wá kò ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kì í ṣe nǹkan kékeré, torí ọmọ tó ń sáré lè fi sún tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n quarterback tó dúró wo receiver títí ó fi yà tán, tó rí i pé ó ti dá wà, kó tó wá gbé ọwọ́ sókè, ti fi àkókò tó ju ìyẹn lọ ṣòfò. Èyí tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí receiver ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yà, bọ́ọ̀lù tiẹ̀ á kọ́kọ́ dé, bí apá rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀.

Ẹ lè wò ó fúnra yín láìsan kọ́bọ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kí ẹ fi fóònù ya fídíò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò. Nílé, ẹ dá fídíò náà dúró síbi tí receiver ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yà. Níbo ni bọ́ọ̀lù wà? Tí apá ọmọ yín bá ti ń yí bọ̀ níwájú, ẹ ṣọpẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá ṣì wà láyà rẹ̀, tó gbá a mọ́ra, ọ̀rọ̀ apá kọ́ nìyẹn, ó ń pẹ́ ni. Ẹ wo ti ọmọ kejì náà bẹ́ẹ̀, torí inú ìdánrawò lọ̀rọ̀ ti ń hàn, kì í ṣe ibi tí àwọn ọmọ ti ń díje ẹni tó lè jù ú jìnnà jù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Bí a sì ti dárúkọ ọmọ kejì yẹn, ṣé ohùn rẹ̀ ti ki? Ṣé irun ti ń hù lókè ètè rẹ̀? Bàlágà kì í dé bá àwọn ọmọ lọ́jọ́ kan náà. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ẹ ó rí èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di géńdé àti èyí tó ṣì dà bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ohun tí kóòṣì ń pè ní apá líle lọ́dún 13, lọ́pọ̀ ìgbà, ìdàgbàsókè tó tètè dé lásán ni. Tí èyí tó pẹ́ bá dàgbà bá a, ìyàtọ̀ náà lè pòórá pátápátá.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an ńkọ́? Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn àgbà tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun, máa ń yan eléré tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 198 ni wọ́n ti yàn lọ́dún 2000 kó tó kan Tom Brady. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò le, apá rẹ̀ kò lágbára. Ó gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ tó ga jù níbẹ̀, nígbà méje. Lọ́dún 2022, Brock Purdy ni ẹni ìkẹyìn pátápátá tí wọ́n yàn, ìkejìlélọ́gọ́ta lé nígba, nígbà tó sì fi máa di February 2024, ó ti wà nínú Super Bowl. JaMarcus Russell ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn lọ́dún 2007, apá rẹ̀ sì le débi pé wọ́n ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí bàbá ọmọ má bàa ní mò ń yan èyí tó wù mí, ẹ fi Josh Allen kún un: apá rẹ̀ ló gbé e wọ NFL lọ́dún 2018, nígbà tí ó ṣì ń jù ú síbi tí kò sẹ́nì kankan. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí kò tó 53 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2020, ó ti di 69. Apá ṣílẹ̀kùn fún un, ẹsẹ̀ àti àkókò tó tún ṣe ló mú un jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ẹ wo díẹ̀ lára àwọn orúkọ wa tó ti wọ NFL: Adewale Ogunleye, Olumuyiwa Fashanu, Olusegun Oluwatimi. Orí ìlà iwájú ni gbogbo wọn ti rí iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti rí ọmọ wa tó sanra díẹ̀, ibi kí ó máa ti èèyàn ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Oluwatimi ló sún mọ́ iṣẹ́ ọmọ yín jù, torí òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù fún quarterback láti ìsàlẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí kóòṣì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọpọlọ rẹ̀ pé fún ipò yìí, kí wọ́n má yára gbé e kúrò níbẹ̀ nítorí yáàdì mélòó kan.

Nígbà tí apá bá máa le, ibo ni agbára náà ti ń wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gún iyán rí mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá fi apá nìkan gbé ọmọ odó, kò ní pẹ́ tí á fi máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìbàdí ló ń gún iyán. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíju bọ́ọ̀lù rí. Ẹsẹ̀ iwájú á tẹlẹ̀, ìbàdí á yí, àyà á tẹ̀ lé e, apá ló ń kẹ́yìn. Ọmọ tí ìbàdí rẹ̀ kò yí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúró gbagidi, gbogbo ẹrù náà á já lé èjìká àti ìgúnpá. Nínú fídíò yín, ẹ wò ó bóyá ìgúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ju èjìká lọ bí apá ṣe ń bọ̀ níwájú. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, atúnṣe ìyẹn nìkan lè fi yáàdì kún ohun tó ń jù. Kí ó máa lóṣòó kó sì máa dìde, kí ó máa fo, kí ó máa ṣe push-up, kí ó sì máa sùn dáadáa.

Àwọn bọ́ọ̀lù tó wúwo yẹn wá ni mo kórìíra jù nínú lẹ́tà yín. Lókè eegun apá ọmọ, nítòsí èjìká, ibì kan wà tí eegun ti ń gùn sí i. Ibẹ̀ rọ̀ ju eegun yòókù lọ, kò sì tíì ní dì lọ́dún 13. Jíjù àjùjù lè fà á ya. Lọ́dún 2018, ìwádìí kan jáde lórí àwọn pitcher baseball tó wà láàárín ọdún 13 sí 18. Àwọn kan fi bọ́ọ̀lù wúwo ṣe ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn yòókù kò lò ó. Àwọn tó lò ó jù ú yára sí i lóòótọ́, bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n 24 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ṣèṣe, kò sì sí ẹyọ kan tó ṣèṣe nínú àwọn tí kò lò ó nígbà ìdánrawò náà. Ṣé ẹ ó sanwó fún ìyẹn?

Ẹ wo bọ́ọ̀lù tó ń lò nílé náà. Tó bá jẹ́ irú èyí tí àwọn àgbà NFL ń lò ni bàbá rẹ̀ rà fún un, ẹ gbé e sórí pẹpẹ fún ẹwà. Ọwọ́ ọmọdé kì í ká a, á wá máa fi ìgúnpá tì í dípò kí ó jù ú. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 12 sí 14 wà ní ọjà, ẹ ra ìyẹn.

Ó ku baseball, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Àwọn tó ń darí baseball ní Amẹ́ríkà ti fi iye kan lélẹ̀: ọmọ ọdún 13 sí 14 kò gbọdọ̀ jù ju ìgbà 95 lọ lọ́jọ́ kan gẹ́gẹ́ bíi pitcher, tó bá sì ti jù tó ìgbà 66, ó gbọdọ̀ sinmi ọjọ́ mẹ́rin. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kì í sábà sí ẹni tó ń ka tiẹ̀. Apá kan náà ló sì ń ṣe méjèèjì. Tí ìdánrawò ìgbà ìrúwé ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá bọ́ sínú sáà baseball, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà á: ọjọ́ tó bá ṣe pitcher, kò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ẹ sọ ọ́ fún kóòṣì méjèèjì, torí wọn kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bó bá ní òkè apá ń dun òun tó bá ń jù, tàbí tẹ́ ẹ rí i tó ń fọwọ́ di èjìká lẹ́yìn eré, ẹ dá jíjù dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ wá dókítà eegun tó ń tọ́jú ọmọdé, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Tó bá jẹ́ ibi tí eegun ti ń gùn ló ṣèṣe, ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta láìju nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó fi yìnyín sí i kó padà sórí pápá.