Igbe inú fíìmù kan ò kúrò létí mi mọ́, ṣé kí n lọ wò ó parí ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta jọ ń wo fíìmù kan, ó wá débi tí wọ́n ti so ọkùnrin kan mọ́ àga tí wọ́n ń dá a lóró, mo di ojú mi, nígbà tó yá òòyì kọ́ mi, òógùn bò mí, mo bá dìde jáde. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojo ni mí. Látọjọ́ yẹn, tí mo bá ti pa iná láti sùn, igbe ọkùnrin yẹn ni mò ń gbọ́. Wọ́n ní kí n lọ wò ó parí, pé á kúrò lára mi. Ṣé òótọ́ ni? Àbí nǹkan kan ń ṣe mí ni mà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì lọ wo nǹkan kan parí o. Iṣẹ́ sàìkọ́lọ́jísìtì tí mò ń ṣe yìí, etí ni mo fi ń ṣe é jù, ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú ohun tí o kọ tí mi ò lè fò: o ní igbe ẹ̀ lò ń gbọ́, o ò ní ojú ẹ̀ lò ń rí. Ojú lo dì, o ò di etí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á fọwọ́ bojú, wọ́n á máa yọjú láàárín ìka, wọ́n rò pé àwọn ti sá fún un, bẹ́ẹ̀ ibi tó le jù gan-an ni wọ́n sá lọ, torí ohùn ṣì ń wọlé, ọkàn wọn á wá máa ya àwòrán tiẹ̀ sí i, àwòrán tí ọkàn bá sì yà fúnra ẹ̀ kì í níwọ̀n.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù mọ èyí dáadáa. Psycho tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1960, ibi tí wọ́n ti ń gún obìnrin yẹn lọ́bẹ níbi tó ti ń wẹ̀, omi ṣokoléètì ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn yẹn, ti ohùn ọ̀bẹ tó ń wọ ara yẹn, èso mẹ́lọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gún. Tí egungun bá ń ṣẹ́ nínú fíìmù, ewébẹ̀ celery ni wọ́n sábà máa ń ṣẹ́ síwájú máíìkì. Gaspar Noé náà, nínú Irréversible tó ṣe ní 2002, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn kan tó rẹlẹ̀ gan-an, tí etí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun ń gbọ́, sábẹ́ bí ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ kó lè máa ni àwọn tó ń wò ó lára. Torí náà tí ara ẹ bá kọ ohùn fíìmù, iṣẹ́ tí wọ́n rán ohùn yẹn ló jẹ́. Lọ́jọ́ míì tí ibi tó le bá fẹ́ dé, ohùn ni kó o kọ́kọ́ pa, àbí kó o jáde pátápátá, má jókòó síbẹ̀ kó o máa di ojú.

Ti òòyì àti òógùn yẹn, kì í ṣe ojo rárá, inú sì máa ń bí mi tí wọ́n bá ń fi sọ èèyàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọgbẹ́, tàbí kí wọ́n kàn gbọ́ ọ, ọkàn wọn á kọ́kọ́ sáré, lẹ́yìn náà ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn á já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ á dínkù, òòyì á dé. Ìgboyà ò lè dá ìyẹn dúró, iṣan ara ló lè dá a dúró. Lars-Göran Öst, ará Sweden tóun náà jẹ́ sàìkọ́lọ́jísìtì, ló jẹ́ kí ọ̀nà yìí di mímọ̀: jókòó, fún apá, ẹsẹ̀ àti àyà ẹ le gírígírí fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 títí ojú ẹ á fi máa gbóná, dẹ̀ ẹ́ fún bí 20 sí 30, tún un ṣe tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Àwọn èèyàn á ní kó o mí kanlẹ̀ kó o fara balẹ̀, ṣùgbọ́n irú òòyì yìí kò fẹ́ kí ara dẹ̀, ńṣe ló fẹ́ kí ara le. Má sì dìde lójijì mọ́ bó o ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn, orí ló yọ ẹ́ tí o ò ṣubú lulẹ̀.

Ṣé nǹkan kan ń ṣe ẹ́? Ní 1999, Kristen Harrison àti Joanne Cantor bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó lé ní 150 ní Amẹ́ríkà bóyá fíìmù tàbí tẹlifíṣọ̀n kan ti dẹ́rù bà wọ́n rí tí ẹ̀rù yẹn wá pẹ́ lára wọn lẹ́yìn tó parí, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó fi ẹ́ rẹ́rìn-ín yẹn náà, ẹ̀rín lèmi rò pé wọ́n fi bo tiwọn.

Ó wá ku ti wíwò ó parí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, torí ohun tí ọkàn ò mọ ìparí ẹ̀, ó máa ń padà síbẹ̀ ṣáá ni. Ṣùgbọ́n kó o tún lọ jókòó sáàárín wọn lóru, pẹ̀lú spíkà ńlá, kí wọ́n máa wo ojú ẹ bóyá wàá tún sá, ìyẹn á kàn tún un tẹ̀ mọ́ ẹ lọ́kàn ni. Ọ̀sán ni kó o yàn. Kọ́kọ́ ka ìtàn fíìmù náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yẹn. Lẹ́yìn náà wá fídíò tó fi hàn bí wọ́n ṣe ṣe é, wo òṣèré yẹn bó ṣe ń gbé omi mu tó ń bá ẹni tó kun ojú ẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá wá wù ẹ́ láti tún rí ibi tó o ti sá yẹn, orí fóònù ni, pa ohùn ẹ̀, kí ìka ẹ wà lórí ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró, tó bá tó ẹ, ó tó ẹ nìyẹn. Tí kò bá wù ẹ́, fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ṣe ìdánwò fún ẹ.

Lóru, tí igbe yẹn bá dé, má bá a jà. Ní 1987 Daniel Wegner àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní káwọn èèyàn má ronú kan béárì funfun, kí wọ́n lu agogo tó bá ti wá sọ́kàn wọn, agogo ò dáwọ́ dúró. Torí náà kàn sọ fún ara ẹ pé igbe òṣèré nìyẹn, tan iná, wá nǹkan tí ojú àti ọwọ́ á jọ máa ṣe. Ìwádìí kan wà ní 2009 tí Emily Holmes àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní Oxford ṣe, wọ́n fi fíìmù tó kún fún ìjàǹbá han àwọn èèyàn, lẹ́yìn ìdajì wákàtí wọ́n ní kí àwọn kan gbá Tetris, géèmù tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ̀, fún ìṣẹ́jú 10, láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e àwòrán yẹn ò padà wá bá wọn tó bó ṣe ń bá àwọn tí ò gbá a. Àkókò yẹn ti kọjá fún tọjọ́ yìí, àmọ́ fi sọ́kàn fọ́jọ́ míì.

Kó tó di pé o tún jókòó wo òmíràn, ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára fíìmù ò tó, ìyẹn ò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Sáìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní Does the Dog Die, àwọn tó ti wò ó ló ń kọ síbẹ̀ bóyá wọ́n dá èèyàn lóró, bóyá ọmọdé kú, bóyá wọ́n fipá bá èèyàn lò pọ̀. Mo máa ń ní kí àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan tí o ò sọ, tó sì ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé ẹnì kan ti dè ẹ́ mọ́lẹ̀ rí, àbí lù ẹ́, àbí o ti gbọ́ irú igbe yẹn lójúkojú rí? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, fíìmù yẹn kàn kan ọgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, má nìkan gbé e o, wá ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kó o bá a sọ ọ́. Kódà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó bá fi máa pé oṣù kan tí oorun ò tíì padà, ṣe bákan náà, kó o sì kọ̀wé sí mi padà.