Ó gba gbogbo ìràwọ̀ inú géèmù, kò sì lè ka “bàtà”

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Tábúlẹ́ẹ̀tì 12 ni wọ́n gbé fún yín, ọmọ 46 ló wà ní kíláàsì yín, ọ̀gá yín sì ti ní òun fẹ́ kí gbogbo wọn máa kàwé geere kí sáà tó parí. Ẹ wá ń béèrè géèmù tó dáa jù, iye ìṣẹ́jú tó yẹ lójúmọ́, àti bóyá fídíò ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi gan-an lẹni iwájú yẹn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń fi géèmù àti fídíò kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà, ọdún méjì àkọ́kọ́ níbẹ̀, ara mi ni mo ń tàn jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kòtò náà ṣe rí kí n tó dárúkọ géèmù kankan.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi lọ́dún kìíní yẹn. Géèmù tí a ń lò kò le: ohùn kan á pe lẹ́tà tàbí sílébù (ègé ọ̀rọ̀ bíi “ba”), mẹ́rin á fò jáde, ọmọ á tẹ èyí tó bá ohùn náà mu, ìràwọ̀ á sì já bọ́ láti òkè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ yìí ti dé ìpele tó kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn nínú kíláàsì. Mo kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ wá sílé ìwé, mo fẹ́ fi ọmọ yangàn, mo kọ “bàtà” sórí pátákó, mo ní kó kà á kí màmá rẹ̀ gbọ́. Ó wò ó títí. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Àǹtí, èwo ni kí n tẹ̀?”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kàn ń ṣọ́ ìka rẹ̀. Bí ohùn bá ti pe lẹ́tà, kò ní tẹ nǹkan kan. Á dúró. Géèmù yẹn, bí ọmọ bá ti pẹ́ díẹ̀, lẹ́tà tó tọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wìnnìwìnnì, wọ́n ní láti ràn án lọ́wọ́. Èyí tó bá gbọ̀n ló ń tẹ̀. Bí sùúrù rẹ̀ bá sì tán, á tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wàrà-wàrà, nítorí géèmù náà kì í yọ ìràwọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣì í tẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ohun tí géèmù ń bi í ni “báwo lo ṣe lè rí ìràwọ̀ gbà?”, ó sì mọ ìdáhùn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Èmi ni mo rò pé “kí ni lẹ́tà yìí ń pè?” ni wọ́n ń bi í.

Láti ìgbà náà, kò sí géèmù tó ń wọ kíláàsì mi tí mi ò kọ́kọ́ fi ojú ọmọ tó fẹ́ rẹ́ mi jẹ wò. Màá pa ohùn rẹ̀ pátápátá, màá wá gbá a. Bí mo bá ṣì ń borí láìgbọ́ nǹkan kan, a jẹ́ pé ọmọ náà kò nílò etí rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, kí wá ni géèmù ohùn àti lẹ́tà ń ṣe? Lẹ́yìn náà màá máa tẹ ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá bà, láìwo ojú tábúlẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣì ń gbé mi lọ sí ìpele tó kàn, mo ti pa á rẹ́. Mo tún máa ń fi aago ṣọ́ ọ: nínú ìṣẹ́jú 10, mélòó ni ojú ọmọ fi wà lára lẹ́tà, mélòó ló fi ń wọ aṣọ fún ọmọlangidi tó sì ń ná ìràwọ̀? Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 3 péré ni ti lẹ́tà. Ìyókù, ijó.

Ní 1986, àwọn olùwádìí méjì, Gough àti Tunmer, ṣe àlàyé kan tí mo fẹ́ràn torí pé kò ní wàhálà nínú: ìwé kíkà jẹ́ ìsọdipúpọ̀ nǹkan méjì, kí ọmọ lè sọ lẹ́tà di ọ̀rọ̀, kó sì lóye èdè tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ ni o, kì í ṣe àròpọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Géèmù tó dáa lágbára lórí ti àkọ́kọ́, torí ó lè pe sílébù kan náà nígbà 200 láìbínú, èyí tí èmi ò jẹ́ ṣe láé. Lórí ìkejì, mi ò tíì rí èyí tó tó olùkọ́ tó jókòó ti ọmọ, tó ń bi í pé “kí ló dé tí ìjàpá fi sá?”

Ẹ ní kí n dárúkọ. Èyí tí mo lè dárúkọ ni GraphoGame, tó ti Yunifásítì Jyväskylä ní Finland jáde, láti inú ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń le fún. Iṣẹ́ tó gbájú mọ́ ni ohùn àti lẹ́tà, ó sì ń rọ̀ tàbí kó máa le bí ọmọ bá ṣe ń ṣe sí. Ṣùgbọ́n àtúnyẹ̀wò kan jáde ní 2020 tó kó àwọn ìwádìí orí géèmù yìí jọ: bí wọ́n ṣe da gbogbo wọn pọ̀, èrè tó hàn lórí ọ̀rọ̀ kíkà kò tó nǹkan. Ibi tí àgbàlagbà ti ń bá ọmọ dá sí i dáadáa ni èrè ti hàn. Nígbà tí mo kà á, àga tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

Ẹnìkan á ní ṣebí àwọn ọmọ kan ti fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ ìwé kíkà láìsí olùkọ́. Òótọ́ ni. Nínú ìdíje Global Learning XPRIZE, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń díje lórí ètò tábúlẹ́ẹ̀tì tí ọmọ lè fi kọ́ ìwé kíkà fúnra rẹ̀, wọ́n pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ bí 2,700 ní àwọn abúlé ní Tanzania, Swahili ni wọ́n fi kọ́ wọn, ní 2019 sì ni ẹgbẹ́ méjì, Kitkit School àti onebillion, jọ pín ẹ̀bùn ńlá náà. Ọmọ tí kò mọ lẹ́tà kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù 15 ni wọ́n fi ṣe é, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ẹ̀yin ní 12 fún 46, sáà kan péré.

Bí ó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fẹ́ kí wọ́n kà, ẹ ṣọ́ra gidi fún géèmù tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà 25 ni ábídí wa. Gb jẹ́ ẹyọ kan níbẹ̀, kò sì sí c, q, v, x tàbí z. Ọmọ tó ti fi oṣù méjì gbọ́ p ti Gẹ̀ẹ́sì nínú géèmù á máa ka “pápá” bí àlejò. Géèmù náà kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ yàtọ̀ sí e. Àmì ohùn wá ńkọ́? Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀: fídíò tó bá kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà, méfò-méfò ló ń kọ́ ọmọ. Nígbà tí mi ò rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo fi fóònù ya fídíò ìṣẹ́jú kan-kan fúnra mi: ọwọ́ mi, káàdì b àti káàdì a tó ń rìn lọ pàdé ara wọn, ohùn mi. Kò lẹ́wà rárá. Àwọn ọmọ ní kí n tún un fi hàn torí pé ọwọ́ Àǹtí ni.

Ọ̀rọ̀ fídíò dé nìyẹn. Òun ni mo fẹ́ràn jù báyìí, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ jù. Màá gbé fídíò ìtàn ìṣẹ́jú 20 síwájú wọn, kíláàsì á pa lọ́lọ́, ọ̀gá á kọjá lójú fèrèsé, á mi orí. Bí mo bá wá béèrè ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n bá pàdé, ajá tó ṣubú sínú omi ni gbogbo wọn ń rántí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́. Orin ábídí náà bẹ́ẹ̀: wọ́n á kọ ọ́ dé òpin, ẹ fi ìka tọ́ lẹ́tà kan láàárín, wọ́n á ní láti bẹ̀rẹ̀ orin láti orí kí wọ́n tó bá a.

Ohun tó yí ọ̀nà mi padà ni àbá kan tí olùwádìí kan, Brij Kothari, dá ní India ní 1996. Ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin inú fíìmù sísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, ní èdè kan náà tí wọ́n fi ń kọrin, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa yí àwọ̀ bí olórin ṣe ń dé orí rẹ̀. Ẹni tó mọ orin náà lórí á wá máa fi ojú tẹ̀ lé ohun tí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo jí i láìtijú. Orin kúkúrú tí wọ́n ti mọ̀ ni mo ń mú. Lọ́jọ́ kìíní a ó kọ ọ́ lásán. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ á hàn, à á máa kọ ọ́ tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kẹta, mo máa ń pa ohùn lójijì láàárín orin, ọ̀rọ̀ á ṣì máa rìn lọ, àwọn ni yóò gbé orin náà. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣe níbi tí ohùn kú sí, ẹ ó mọ ẹni tó ń kàwé àti ẹni tó ń dọ́gbọ́n mi ẹnu. Lẹ́ẹ̀kan, àwòrán ẹranko tó ń jó ló wà lókè ọ̀rọ̀, kò sí ojú kan tó wo ìsàlẹ̀. Mo fi páálí bo apá òkè. Wọ́n bú mi, ṣùgbọ́n wọ́n kàwé.

Ẹ̀kọ́ tó dùn jù tí mo tíì ṣe rí, fídíò tí kò lóhùn ni. Adìyẹ kan ṣìnà wọ kíláàsì wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń rìn lórí tábìlì, ó ń wo pátákó bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Mo yà á fún 40 ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́jọ́ kejì mo fi hàn wọ́n láìsí ohùn, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí adìyẹ ń sọ. Ọmọ tí kì í kọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ kọ ìlà mẹ́ta. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ nítorí “mo ń bọ̀” tí ẹnìkan kọ láìsí àmì. Ọmọbìnrin kan ní bí ó bá jẹ́ “mo ń bọ” ni adìyẹ sọ, a jẹ́ pé òrìṣà ló ń bọ nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń pariwo àmì ohùn, kò wọ̀ wọ́n létí tó ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sínú fóònù kí a lè fi ohùn sí fídíò náà. Ẹni tó bá kọsẹ̀ á ní “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n tún un kà.” Ẹlòmíì tún un kà lẹ́ẹ̀meje. Ta ló ń ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀meje bí ẹ bá ní kó ṣe é?

Ti tábúlẹ́ẹ̀tì 12 yín kò le. Ẹ fi ọmọ méjì-méjì sórí tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan máa gbá géèmù, kí èkejì máa kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ohunkóhun, kí wọ́n sì pààrọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ márùn-ún. Ọmọ 24 á wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù á wà lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n pààrọ̀ àyè. Ju 15 lọ, eré ni. Ẹ gba géèmù àti fídíò sílẹ̀ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì lálẹ́, kí ẹ sì pa íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọlé, torí ìpolówó ọjà kan ti fò jáde níwájú àwọn ọmọ mi rí tí mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún òbí kankan.

Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ẹ kó tábúlẹ́ẹ̀tì sápótí. Ọ̀rọ̀ 10 lórí bébà, tí ẹ fi ọwọ́ kọ, kó má jọ ti inú géèmù. Méje nínú rẹ̀ kó jẹ́ ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́sẹ̀ náà. Mẹ́ta kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí láyé, bíi “tifọ̀” tàbí “gbẹ́so”, tí ẹ fi lẹ́tà kan náà hun. Ẹni tó bá ka ìyẹn, kò fi orí mọ̀ ọ́n, ó kà á ni. Ẹ sọ fún wọn pé orúkọ iwin ni, wọ́n á máa bẹ̀ yín fún òmíràn. Bébà yìí ni kí ẹ gbé fún ọ̀gá yín bó bá béèrè, ẹ má gbé ìràwọ̀ fún un.

Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́? Nígbà tí mo dán an wò lórí bébà, lẹ́tà mẹ́sàn-án péré ló mọ̀. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó dùn ún, ó dùn mí náà. A bẹ̀rẹ̀ látorí ba, bẹ, bi. Ó ń gbá géèmù lọ, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu pè é kí ìka rẹ̀ tó kan nǹkan kan. Sáà kẹta ló tó ka ìpínrọ̀ kan já. Ó ti wà ní kíláàsì òkè báyìí. Bí mo bá rí géèmù tuntun, òun ni mo kọ́kọ́ ń gbé e fún, kì í sì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi ń rí ibi tí ọmọ ti lè gba ìràwọ̀ láìkàwé.