Àpò oúnjẹ ni kó o béèrè, má béèrè èrè

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ dá lórí ìnáwó àti owó tó ń wọlé fún àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ tà láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà. O ní ìdajì àwọn tó o bá kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ìdajì tó kù sì ń sọ pé "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kiri àdúgbò wa níbí, mo ṣe é fún akẹ́kọ̀ọ́, mo ṣe é fún àwọn tó fẹ́ yá àgbẹ̀ lówó. Ohun tójú rẹ ń rí yẹn kì í ṣe tuntun.

Fọ́ọ̀mù rẹ ló ń lé wọn. Ìbéèrè kẹta tó o kọ síbẹ̀ ni "Èló ni èrè yín lọ́dún tó kọjá?" Ta ló fẹ́ dá ọ lóhùn? Ẹni tó bá ń bi Alhaji ní iye tó jẹ lórí ọjà, bóyá owó orí ló wá gbà, bóyá owó ló fẹ́ yá, bóyá ojú rẹ̀ ni ò dáa. Ká tiẹ̀ ní ó fẹ́ sọ fún ọ tinútinú, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n. Àpò kan náà ni owó oúnjẹ ẹja, owó ilé ìwé ọmọ àti owó ìnáwó àna ti ń jáde. Iye tó bá dá fún ọ, ó kàn rò ó lójú ẹsẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sin ẹja tí ò mọ iye àpò oúnjẹ tó ṣí. Oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn, ní ọ̀pọ̀ ibi ó ju ìdajì lọ dáadáa. Alhaja kan wà lójú ọ̀nà Gánmọ̀ tó sọ fún mi pé òun kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí ìwé kankan. Àmọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tó ń kó oúnjẹ sí, wọ́n fi èédú fa ìlà sára pákó. Ọmọ tó ń fún ẹja lóúnjẹ ló ń fà á: àpò kan, ìlà kan, tó bá di márùn-ún, á fi ọ̀kan dábùú wọn. Ibi tí wọ́n ti kúrò lórí oúnjẹ oníhóró mílímítà 4 bọ́ sórí ti mílímítà 6 tó tóbi jù ú lọ, ó fo àyè sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun. Mo ti rí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, má wulẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ní ìwé. Ní kí wọ́n mú ọ dé ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Àpò òfìfo tí wọ́n dì jọ síbẹ̀ láti tà náà á bá ọ jẹ́rìí.

Tó o bá ti mọ iye àpò, o ti ní ohun tó o lè fi yẹ ìyókù ọ̀rọ̀ wọn wò. Oúnjẹ tó ń léfòó lójú omi, kílò 15 ló sábà máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n bọ́ dáadáa á jẹ nǹkan bíi kílò kan sí kílò kan àbọ̀ kó tó fi kílò kan sanra. Ẹni tó bá ní òun kó 1,000 kílò ẹja jáde nínú pọ́ǹdù, ó yẹ kó ti ṣí nǹkan bí àpò 67 sí 100. Bó bá ní 30 péré ni òun lò, má bá a jiyàn o. Bi í pé kí ni ẹja tún ń jẹ. Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ nípa oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ fúnra wọn, ìfun adìyẹ tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìyẹ, búrẹ́dì tó ti bu. Owó ni gbogbo ìyẹn. Bí wọn ò tiẹ̀ san kọ́bọ̀ fún ẹni tó fún wọn, ẹnì kan ló lọ gbé e wá, epo ló sì fi gbé e.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ni kó o ti gba iye owó àpò, kó o sì kọ ọjọ́ sí i. Oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni ẹja ń lò kó tó tó tà, ọjà wa kì í sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ wo 2023: oṣù Karùn-ún ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, oṣù Kẹfà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Ẹni tó da ọmọ ẹja sómi ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, tó kó wọn ní oṣù Kẹsàn-án, owó tó fi ra àpò àkọ́kọ́ kọ́ ló fi ra èyí tó kẹ́yìn. Bó o bá fi iye owó kan ṣoṣo ṣírò rẹ̀, irọ́ lo máa kó wá fún olùkọ́ rẹ.

Oṣù Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í sí lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn. Bi wọ́n pé, "Ṣé ṣáájú Iléyá ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?" kíá ni wọ́n á dá ọ lóhùn. Ìwọ ni kó o lọ wo kàlẹ́ńdà, torí ọjọ́ Iléyá ń yí padà lọ́dọọdún: ti 2023 bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ti 2024 bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà náà. Tó o bá dé ìhà Ọ̀fà, Òró àti Òmù-Àrán, Kérésì àti Àjíǹde ni kó o fi béèrè, wọ́n á wúlò fún ọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ títà ló le jù. Ẹja kì í jáde lọ́jọ́ kan. Wọ́n á ṣà èyí tó tóbi tà kí wọ́n lè rí owó oúnjẹ àwọn tó kù, alágbàtà á kó díẹ̀ láwìn, ìyá tó ń yan ẹja á kó díẹ̀. Bó o bá béèrè pé "èló lẹ tà?" èyí tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n á rántí. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà: ta ló wá, kílò mélòó ló gbé, ṣé ó san án tán? Iye tí wọ́n tà á létí pọ́ǹdù ni kó o kọ, má lọ kọ iye tí ìyá ẹlẹ́ja ń tà á ní ọjà Ìpàta ní Ìlọrin, èrè ìyẹn wà lọ́tọ̀. Kó o sì béèrè ẹja tí ò di owó: èyí tó kú, èyí tí olè kó, èyí tí wọ́n jẹ nílé, èyí tí wọ́n gbé fún Álúfà níbi ìsọmọlórúkọ.

Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti fi lélẹ̀ pé kí àwọn ìjọba máa kó ìròyìn owó epo, owó òṣìṣẹ́, àtúnṣe ọkọ̀ àti owó ẹja jọ lórí àwọn ọkọ̀ apẹja. Ohun kan tí mo yá nínú ìlànà wọn ni pé wọ́n ń díye lé iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò sanwó rẹ̀. Níbí, ìyẹn ló ń ba ìṣirò wa jẹ́ jù. Ìyàwó ló ń bọ́ ẹja láàárọ̀, ọmọ ló ń pààrọ̀ omi lẹ́yìn ilé ìwé, bàbá àgbà ló ń sùn sí oko nítorí olè. Bi wọ́n pé, bí àwọn wọ̀nyí ò bá sí, èló ni wọn ì bá san fún lébìrà? Fi í sínú ìnáwó. Oko tó dà bí ẹni pé ó ń mówó wá, tó o bá ṣe èyí tán, òmíràn á kù díẹ̀ káàtó.

Ẹni tó o bá tẹ̀ lé lọ náà ń yí ìdáhùn padà. Tó o bá bá òṣìṣẹ́ ìjọba lọ, àwọn tó ń bẹ̀rù owó orí á dín in kù, àwọn tó rò pé owó ìrànwọ́ ń bọ̀ á sọ pọ́ǹdù mẹ́ta di mẹ́jọ. Má bá ẹni tó ń ta oúnjẹ lọ, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ ẹ́ lówó. Ẹni tóun náà ń sin ẹja, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, ni kó mú ọ lọ, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, nígbà tí wọ́n ti bọ́ ẹja tán. Sọ ohun tó o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe, má sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sórí ìwé kan náà pẹ̀lú owó. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti 2023 wà nílẹ̀, kì í ṣe eré.

Àwọn kan wà tó ń yọ sàká ọjà wọn. Ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ọ́ ní láti mọ iye ọjà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin ọdún. Irú wọn mọ owó wọn ju bó o ṣe rò lọ. Má ṣe béèrè iye sàká o, àárín òun àti Ọlọ́run nìyẹn. Ìwọ ṣáà mọ̀ pé ìṣirò wà.

Ti àwọn tó ń dẹ àwọ̀n lódò Ọya ní Jẹ́bà, tí ẹja wọn ń wọ Ìlọrin, kò bá fọ́ọ̀mù yìí mu. Béèrè bí wọ́n ṣe ń pín ẹja lọ́wọ́ wọn kó o tó béèrè owó rárá: kí ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, kí ni ti ọlọ́kọ̀, kí ni ti àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Ìpàdé kejì ni kó o fi gbèsè sí. Mú ìṣirò wọn padà fún wọn lórí ìwé kan péré, kí wọ́n bá ọ tún un ṣe. Nígbà náà ni kó o béèrè bóyá ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń san owó oúnjẹ, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ta ẹja. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní èlé, àmọ́ iye tí àpò àwìn fi ju àpò owó lọ́wọ́ lọ, èlé ni. Kọ iye méjèèjì, fi iye àpò tí wọ́n gbà láwìn sọ ìyàtọ̀ wọn di púpọ̀, kó o sì fi í sí ìlà tirẹ̀ nínú ìnáwó.