Ẹ wo inú Ctrl+H kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ẹnikẹ́ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ ti ń lo macro (àkójọ àṣẹ tí Word ń tẹ̀ lé fúnra rẹ̀) tí ọ̀rẹ́ yín fún yín láti tún àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ṣe nínú Word, Ctrl+H, ìyẹn àpótí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ tí a sì fi ń rọ́pò rẹ̀, kì í rí ọ̀rọ̀ tó wà lójú yín gbangba mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín o. Èyí tó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀ńjíníà fọ́máàtì tèmi, ó gbowó, ó sì ní fáírọ́ọ̀sì ni. Fáírọ́ọ̀sì wo? Iṣẹ́ mi tó bàjẹ́ ṣì bàjẹ́ síbẹ̀.

Ìwé oníbàárà ni, 180 ojú ìwé. Mo ti tẹ lẹ́tà "ẹ" ní oríṣi méjì nínú rẹ̀: ibì kan ó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ibòmíràn ó jẹ́ e lásán tí àmì abẹ́ dá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan, mo bá lẹ̀ wọ́n mọ́ inú macro. Ojú ibi tí wọ́n ń kọ macro, ìyẹn Alt+F11, kò mọ lẹ́tà wa. Èyí tí mo ní kó wá di "e?", èyí tí mo ní kó fi rọ́pò di "?". N ò kíyè sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, mo ti fi àmì sí "Use wildcards" nínú àpótí Ctrl+H nítorí nǹkan mìíràn, n ò sì yọ ọ́. Bí ìyẹn bá wà níbẹ̀, "?" túmọ̀ sí lẹ́tà yòówù. Ni gbogbo e àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e bá di "?" kan. Mo rí eku tó di "?u", mo rí egungun tó di "?ungun". Ìlà tó gbẹ̀yìn macro náà sì ni ActiveDocument.Save, àṣẹ tó ń sé fáìlì pa mọ́ bó ṣe wà! Mo ti pa Word dé kí n tó mọ̀, Ctrl+Z kò wúlò mọ́. Bébà tí mo ti tẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀ ló yọ mí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi tún un tẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣe yín. Macro tó bá ń lo Selection.Find, inú àpótí Ctrl+H yín gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó bá fi síbẹ̀ kì í kó kúrò. Bí ẹ bá pa Word dé, ó lè lọ, àmọ́ ẹ óò tún lo macro náà lọ́la. Ẹ ṣí Ctrl+H, ẹ tẹ More, ẹ yọ gbogbo àmì tó wà níbẹ̀, kí ẹ tẹ inú Find what lókè, kí ẹ tẹ No Formatting, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Replace with nísàlẹ̀. Ó tán.

Àwọn ọ̀gá á ní kí ẹ kọ ClearFormatting sínú macro, pé ó ti tó. Kò tó! Bí lẹ́tà ṣe rí nìkan ló ń pa rẹ́, wildcards kò kàn án. Ẹ kọ MatchWildcards = False fúnra yín. Èyí tó dára jù ni kí ẹ lo ActiveDocument.Range.Find, nítorí kì í fọwọ́ kan àpótí yẹn rárá.

Bó bá jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń ṣí fáìlì, AutoOpen ni, ẹ di Shift mú bí ẹ bá ń ṣí i. Tàbí kí ẹ yí orúkọ Normal.dotm, fáìlì tí Word ń kó ètò yín sí, padà, Word á ṣe tuntun, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà àbùjá tí ẹ ti tò sórí kíbọ́ọ̀dù á bá a lọ. Àti pé macro tó bá gba orí WhatsApp wọlé, ẹ má kàn tẹ Unblock, ìyẹn ìyọ̀ǹda kó ṣiṣẹ́, fún un. Macro Word ni fáírọ́ọ̀sì Melissa tó da ayé rú ní 1999.

Ẹ má lẹ lẹ́tà wa mọ́ inú macro láé, nọ́ńbà ni kí ẹ lò: ChrW(7865) ni ẹ, ChrW(7885) ni ọ, ChrW(7779) ni ṣ. Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò fún lẹ́tà ńlá: 7864, 7884, 7778. Àmì abẹ́ tó dá dúró, 803.