Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Kí N Sanwó Ṣọ́ọ̀bù Irun ní Àkrá?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Onídìrí ni mí ní Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti gba fìrídọ́ọ̀mù. Àbúrò ọkọ mi, tí ó fẹ́ ọmọ Gánà, bá mi rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Àkrá, ó sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp: dígí mẹ́ta lára ògiri, síńkì ìfọrun méjì, díráyà kan tí ìdérí rẹ̀ ti sán. Onílé ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò wa ní ọmọ ECOWAS ni gbogbo wa, n kò nílò ìwé kankan, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ wá lẹ́nu, a ó fi orúkọ ìyàwó òun sí i. Mo fẹ́ máa ta ìpara irun tí mo ń fi òrí àti àdín àgbọn pò níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣé kí n sanwó? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Àbúrò ọkọ yín kò parọ́ fún yín. Ibi tí òótọ́ rẹ̀ parí sí ni kò mẹ́nu bà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1979 gbà yín láyè láti gba Sẹmẹ̀ kọjá, kí ẹ la Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò já, kí ẹ sì wọ Gánà ní Aflao láìgba físà, kí ẹ wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ẹ̀tọ́ àtiwọ̀lú nìyẹn. Ẹ̀tọ́ àtiṣòwò jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn onílùú ni wọ́n sì ń ṣòfin rẹ̀.

Òfin ìdókòwò Gánà ti ọdún 2013, èyí tí í ṣe Òfin 865, ka àwọn iṣẹ́ tí ó wà fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ìpàtẹ àti ìkiri ọjà wà níbẹ̀, omi inú ọ̀rá wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ takisí tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá tó 25 wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge àti ti ìgẹrun náà sì wà níbẹ̀, èyí tí í ṣe iṣẹ́ yín gan-an. Àjọni pẹ̀lú ọmọ Gánà pàápàá kò yọrí, nítorí òfin náà ní kí ilé-iṣẹ́ tí kì í bá ṣe ti ọmọ Gánà látòkè délẹ̀ má ṣe dá iṣẹ́ wọ̀nyí láṣà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ máa rajà kí ó máa tà á, mílíọ̀nù kan dọ́là ni òfin kan náà ní kí àjèjì bẹ́ẹ̀ gbé kalẹ̀, kí ó sì gba ogún ọmọ Gánà tí ó mọṣẹ́, ó kéré tán. Mo fojú inú wo onídìrí tí ó gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ nítorí irun ṣùkú, ẹ̀rín sì pa mí. Òfin a máa yí padà o, nítorí náà kí àbúrò yín dé ọ́fíìsì GIPC, àjọ tí ń rí sí ìdókòwò ní Gánà, ní Àkrá, kí ó béèrè bí ó ṣe wà lónìí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ mí lóminú jù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni ó ni ṣọ́ọ̀bù, ni ó ni díráyà, ni ó ni owó ọdún méjì tí ẹ san. Lọ́jọ́ tí tọkọtaya náà bá jà, ta ni ẹ óò pè lẹ́jọ́, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín ti rú òfin? Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà kò tíì gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà lábẹ́ Busia fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé èdè Twi ti Gánà ni àwọn ọmọ wọn fi ń ṣeré fi ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Àwa náà ṣe irú rẹ̀ fún wọn ní ọdún 1983, kí á má parọ́.

Ṣùgbọ́n ìpara irun yín, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dárúkọ, òun ni mo rí bí òwò. Ẹ pò ó ní Àkúrẹ́, ẹ gba nọ́ńbà NAFDAC fún un, kí ìyàwó àbúrò yín máa fi owó ara rẹ̀ rà á lọ́wọ́ yín, kí ó sì máa tà á fún àwọn onídìrí ìlú rẹ̀. Ohun tí ó bá jẹ́ tirẹ̀ ni yóò jẹ́ tirẹ̀, owó yín yóò sì ti wọlé kí ẹrù tó kọjá Sẹmẹ̀. FDA, tí ó dà bí NAFDAC ti Gánà, gbọ́dọ̀ forúkọ ìpara náà sílẹ̀ kí ó tó dé orí àtẹ. Ètò ìtajà ECOWAS tún wà, tí ó ń yọ owó orí ibodè kúrò lórí ohun tí a bá ṣe ní ilẹ̀ wa. Ẹ óò forúkọ ọjà náà sílẹ̀ nínú rẹ̀, NACCIMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Nàìjíríà, ni yóò sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá. Ọjà irú èyí kò ṣàjèjì sí wọn: ẹ wo ọṣẹ dúdú, tí wọ́n ń pè ní alata samina lọ́hùn-ún. Bí ó bá sì tà débi pé ẹ fẹ́ máa pò ó ní Gánà gan-an, òfin 2013 yẹn yọ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe nǹkan jáde kúrò nínú owó dọ́là rẹpẹtẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti onílé, òfin ilé yíyá Gánà ti ọdún 1963 kò gbà á láyè láti béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú. Nígbà tí ẹ bá ń dá àbúrò yín lóhùn, ẹ béèrè iye ìgò ìpara tí ìyàwó rẹ̀ rò pé òun lè tà lóṣù kan.